Ihò Tí Mo Dí Dáadáa Jù

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló fi ẹ̀rọ awárin ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó. Ọ̀pá gígùn kan ni, tó ní àwo pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá ń gbé àwo yẹn kọjá lórí ilẹ̀ tí irin wà lábẹ́ rẹ̀, á ké. Ọkùnrin náà ti lò ó títí ó fi sú u, ó wá ní kí n máa fi ṣeré lọ́jọ́ Sátidé.

Wẹ́dà ni mí ní ilé iṣẹ́ kan nínú ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkòròdú. Ìkirè la ti wá, yàrá méjì la háyà ní Lásùnwọ̀n. Ìyàwó mi ní ẹni tó ń jó irin láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó tún ń wá irin kiri ní Sátidé, kò ní pẹ́ tí òun náà á fi dípẹtà.

Èmi kì í ṣe nǹkan lábọ̀. Mo wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń wá irin, mo sì rí i pé wọ́n ní òfin. Wọn kì í wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láì gba àṣẹ. Ihò tí wọ́n bá gbẹ́, wọ́n á dí i débi pé ojú ò ní mọ̀ pé ẹnì kan débẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá hú, wọ́n á gbé e lọ, ohun tó bá sì ní ẹni tó ni ín, wọ́n á dá a padà. Òfin yìí wọ̀ mí lára, torí ìwà jákujàku máa ń bí mi nínú. Níbi iṣẹ́ wa, èmi ni mò ń bá àwọn tó ń fi ife tíì sílẹ̀ láìfọ̀ jà.

Etí omi ní Ìpakodò ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ìdérí ọtí ni mò ń rí ṣáá. Lọ́jọ́ kan mo hú ohun róbótó kan jáde, mo nà án sókè, mo pariwo pé, "Ta ló sọ òrùka nù o?" Ọkùnrin mẹ́ta àti ìyá àgbà kan ló dáhùn pé àwọn ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá. Ìyá àgbà ní ọkàn òun sọ fún òun pé tòun ni. Nígbà tí mo nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, wọ́ṣà ẹ̀rọ omi ni. Ọjọ́ yẹn ni mo fi òfin karùn-ún kún ti òyìnbó: bó o bá rí nǹkan, má sọ ohun tó o rí, jẹ́ kí ẹni tó ni ín júwe rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí ìyàwó mi máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀ wá tà ní Lásùnwọ̀n. Ìyá là ń pè é. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, abẹ́ àtíbàbà kan ló ti ń yan ẹja, lórí ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nítòsí ọ̀sà. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alájì, ló ni ilẹ̀ tó kángun sí tirẹ̀. Nígbà tí Ìyá gbọ́ pé mo ní ẹ̀rọ awárin, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òrùka fàdákà tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun ti já bọ́ lẹ́yìn àtíbàbà, oorun ò sì kun òun mọ́. Àánú ṣe mí, mo gbé ẹ̀rọ mi, ó di Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀pẹ́ ìsinsìnyí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé ọ̀pá rìn lórí ilẹ̀ lásán. Gbogbo ayé ló ń ra ilẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí àlejò tó dorí kodò tó ń wo ilẹ̀, wọ́n á ní awọnlẹ̀ ni, tàbí ajagungbalẹ̀. Nítorí náà mo gba àṣẹ bó ṣe yẹ.

"Ìyá, ṣé kí n máa gbẹ́lẹ̀ níbí?"

"Ṣé ilẹ̀ mi kọ́ ni? Gbẹ́ ẹ bó ṣe wù ọ́."

"Ibo ló parí sí, mà?"

Ó na ọwọ́ sí ìdí àgbọn kan. "Ọ̀hún yẹn."

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí àwọn òyìnbó inú fídíò kò sọ fún mi ni pé onílẹ̀ méjì ló ni ààlà, àṣẹ ẹnì kan ò sì tó o.

Lẹ́yìn ìṣó mélòó kan àti agolo sàdíìnì kan, ẹ̀rọ ké gidi. Mo gbẹ́lẹ̀, mo rí orí irin kan. Mo tún gbẹ́, irin náà ń lọ sísàlẹ̀ ṣáá. Ó dúró ṣánṣán, ó gùn tó apá mi, wọ́n sì ti fi símẹ́ǹtì díẹ̀ dì í. Ó yẹ kí símẹ́ǹtì yẹn bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú wẹ́dà ni mo fi ń wo irin náà, mo kàn ń rò pé irin gidi lèyí.

"Ìyá, irin lásán ni o."

"Gbé e lọ, jọ̀ọ́, kó má lọ gún ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀."

Mo dí ihò náà bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún àlejò pàtàkì. Mo tẹ̀ ẹ́, mo bomi rin ín, mo dá koríko padà sójú àyè rẹ̀. N kò rí òrùka. Ìyá fún mi ní ìrẹsì àti ẹja òbòkún, ó ní kí n má dààmú ara mi, ọ̀rọ̀ náà sì tún dùn mí sí i. Irin náà bá mi dé Lásùnwọ̀n. Ìyàwó mi rí i pé ó bá ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa mu gẹ́lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tilẹ̀kùn.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òjò, tí fóònù mi dún. Alájì ni. Ó ti kó búlọ́ọ̀kù wá, ó fẹ́ mọ ọgbà, ó wá irin ààlà títí, kò rí i. Àwọn ará àdúgbò wá sọ fún un nípa ọkùnrin ẹlẹ́rọ kan láti Ìkòròdú. Ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

"Ẹ̀yin lẹ hú irin wa? Ajagungbalẹ̀ wo ló rán yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, pé mo ń gbé irin náà bọ̀. Ẹni tó bá yẹ ààlà nílẹ̀ wa, títí dórí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á máa fi bú u. Bàbá mi ò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi, orúkọ rere nìkan ló fi sílẹ̀. Mo lọ yọ irin náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ní, "Kí la ó wá máa fi tilẹ̀kùn báyìí?"

Mo fi ògbólógbòó ìró rẹ̀ dì í, mo wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé, "Kí lẹ dì yẹn, bọ̀dá?"

"Ààlà ilẹ̀ ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sáàárín wa o." Ó rẹ́rìn-ín títí, èmi náà ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Alájì àti bàbá àgbà kan láti mọ́sálááṣí wọn ti ń dúró dè mí. Ìyá jókòó ti ẹja rẹ̀, kò gbójú sókè. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo tú ìró, mo gbé irin sílẹ̀ níwájú wọn.

"Níbo lo ti hú u?" Alájì bi mí.

Mo wo ilẹ̀ títí. Ibi gbogbo rí bákan náà, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ń wá àbùkù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, n kò sì rí i. Àtíbàbà pàápàá dà bí ẹni pé ó ti tóbi ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Mo rántí pé irin tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń fi ìpẹtà rẹ̀ sílẹ̀ sínú erùpẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ. Ó ké díẹ̀ nítòsí ìdí àgbọn: ìṣó ni, mo mọ̀ ọ́n lóhùn. Lẹ́yìn náà ó ké kíkankíkan lábẹ́ àtíbàbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tuntun kan. Alájì fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n ẹja kúrò níbẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ, mo rí erùpẹ̀ pupa tó lọ tààrà sísàlẹ̀, pẹ̀lú èérún símẹ́ǹtì. Àtíbàbà ti fi ìṣísẹ̀ méjì wọ ilẹ̀ Alájì.

Mo fẹ́ parọ́. Bí mo bá ní ìdí àgbọn ni, ta ni yóò já mi? Mo rántí òbòkún, mo rántí òrùka ìyá rẹ̀ tí n kò rí, ọkàn mi gbọgbẹ́ fún un. Ẹnu mi tiẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n torí kí n má bàa parọ́ ni mo ṣe gbé irin láti Ìkòròdú, n kò wá lè pa á ní Ẹ̀pẹ́.

"Ibí ni," mo wí. Mo ti irin náà bọ inú ihò, ó bá a mu rẹ́gí.

Ìyẹn ò tu Alájì nínú. "Ó yé mi pé ibẹ̀ ni. Ta ló wá rán ọ? Ẹni tó ní òrùka lòun ń wá, tó wá gbé irin ààlà lọ, kí là ń pè é? Olè ni ọ́!"

Bí mo bá ní Ìyá ló ní kí n gbé e lọ, yóò dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi opó bojú.

Ìyá dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú òrùka fàdákà kan jáde.

"Òrùka náà rèé. Kò sọnù rí. Èmi ni mo fẹ́ àyè tí màá gbé ààrò kejì sí, mo sì mọ̀ pé irin ààlà ló wà níbẹ̀. Ọkọ mi, ẹ má pè é lólè. Olè kì í gbé ẹrù padà wá láti Ìkòròdú."

Bàbá mọ́sálááṣí ní, "Sùbúhánálááhì." Alájì wo òrùka náà títí, ó wá mí kanlẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹnu lásán lẹ ò bá fi sọ fún mi." Ó ní kí àtíbàbà wà níbẹ̀ títí òjò á fi dá, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òun á gbin pèrègún ti irin náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é. Ó yíjú sí mi. "Ká wá rí ẹ̀rọ tó máa gbọ́ ohùn pèrègún."

Inú bí mi sí Ìyá, ó bí mi gan-an. Ọmọlúàbí tí mò ń ṣe kiri ló fi hú ààlà. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló jọ̀wọ́ ilẹ̀ tó ń wá, tó sì gba ìtìjú, kí orúkọ bàbá mi má bàa bàjẹ́, nígbà tí ì bá dákẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. N kò tíì mọ èyí tí màá fi ṣèdájọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ṣì ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà sì ń jẹ ẹ́.

Mo ṣì ń wá irin lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ṣì ń dí ihò. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ohun tó sọnù, mo máa ń bẹ òun náà pé kó kọ́kọ́ tú etí aṣọ rẹ̀ wò.