Jésù Tí A Fi Lé Àbúrò Mi Jìnnà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wa sí, ilé wa ò jìnnà sí oríta Takie. Díákónì ni bàbá wa. Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́, ní ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí kó tó mọ̀wé kà. Nígbà tó wá ní oníṣàngó kan láti Ọ̀yọ́ lòun fẹ́ fẹ́, bàbá wa ní àwọn ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú ilé àwọn mọ́. Wọ́n ní Jésù kì í bá abọ̀rìṣà jẹun.

Èmi ńkọ́? Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí o! Mo gbà pé bí Jésù ṣe rí nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi gbé ìpè àbúrò mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ ẹ̀ pè mí pé kíndìnrín Àbẹ̀kẹ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́, pé ó ń béèrè mi. Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, sí ilé wọn lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ti wú. Ọkùnrin tí à ń pè ní kèfèrí ló jókòó tì í, tó ń fi aṣọ tútù nù ún.

Ó dìde, ó ní, “Ẹ kú ọ̀nà, mà.” Ó gbé àga fún mi. Àbẹ̀kẹ́ sọ fún mi pé ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, ọkọ òun ló ń bá òun ka Bíbélì.

Mo ní, “Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Ó ní, “Mo ti dárí jì yín tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ Jésù tó tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin ará Samáríà ńkọ́? Ṣé wọn ò wàásù tiẹ̀ nílé wa mọ́ ni?”

Mo gbé fóònù mi. Mo pe bàbá wa pé kí wọ́n tètè máa bọ̀. Wọ́n ní àwọn á máa gbàdúrà.

Ní ọjọ́ kẹta, Àbẹ̀kẹ́ kú.

Ọjọ́ ìsìnkú ni bàbá wa tó dé. Wọ́n dúró síta, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa wọlé. Ọkọ ọmọ wọn dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bú sẹ́kún.

Àṣé ohun tí àwọn ará ìjọ máa sọ ni mò ń bẹ̀rù, tí mo wá ń pè é ní Jésù. Mo sì ń kà á nínú Bíbélì pé ó bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun títí àwọn èèyàn fi ń kùn. Mi ò kàn jẹ́ kó kàn mí ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ lórúkọ Jésù? Mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n bí ẹni yẹn bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ pè é ná.