Ṣéènì Tó Ń Ké Lọ́nà Ìgàndò

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí láwọn ọdún yẹn: kí ọmọ mi má lọ gbàgbé mi. Ìyàwó mi ti kú. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀ fún mi, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá ìyàwó mi sì ti gbé e lọ sí Ìgàndò kí omijé tó gbẹ lójú ẹnikẹ́ni. Èmi náà gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mò ń jáde lọ sí iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọdé á sì ti sùn kí n tó padà dé. Ta ni yóò máa wẹ̀ fún ọmọ?

Nígbà tó yá, mo lọ sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbé ọmọ mi. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ni yóò máa di irun fún un?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ní màá kọ́ irun dídì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbé mì. Láti ọjọ́ náà, mi ò wọ ilé wọn mọ́. Bí mo bá dé, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níta ọgbà ni màá dúró sí. Ọmọ á sáré jáde wá bá mi, lẹ́yìn náà á wọlé lọ gbé abọ́ iṣu gbígbóná wá, a ó sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Èmi, àna, tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó wá ibi jókòó! Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, jàre.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ní láti fi rí i. Bẹ́ńtírò sì wọ́n nígbà náà débi pé èèyàn lè dúró ní Ìdímù, níbi tí mò ń gbé, títí ẹsẹ̀ á fi wú láìrí mọ́tò wọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gàgàrà táwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko o. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń sáré ìje: táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, ó sì ní gíà lẹ́yìn àti níwájú. Inú yàrá mi ló ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àpótí ìyàwó mi wà tẹ́lẹ̀ ni mò ń gbé e tì, mo sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti ń se ìrẹsì fún ẹnu kan ṣoṣo lójoojúmọ́ á mọ ohun tí mò ń wí.

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹrù tí mò ń gbé níbi iṣẹ́ ti bà á jẹ́, òkè tó wà lọ́nà Ìgàndò sì tún ń dá kún un. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé bí mi ò bá yéé fi tipátipá tẹ kẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ náà ò ní gbé mi mọ́. Mo bá lọ sí Dópémù, mo ra irin eléyín tuntun fún iwájú kẹ̀kẹ́, àwọn irin róbótó tí ṣéènì ń yí lé lórí. Ńlá àti kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Bí irin yẹn bá ṣe kéré sí ni kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ sí lórí òkè. Mo dè é fúnra mi. Mo ní mo gbọ́n.

Gíà iwájú ni mi ò ro tiẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, ṣéènì ń gba àárín wọn kọjá, òun ló sì ń ti ṣéènì láti orí irin eléyín ńlá bọ́ sórí kékeré. Irin fàkìàfakia àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí mo yọ ìyẹn, òun ṣì dúró lókè níbi tó wà, bí ẹni tí wọn ò sọ fún pé àwọn tó wá kí ti kó kúrò nílé. Ni ṣéènì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìrù gíà náà, ibi tí irin pẹlẹbẹ méjèèjì ti gùn sẹ́yìn: kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ, láti Ìdímù dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Ìgàndò. Nígbà mìíràn á tiẹ̀ yọ pátápátá, màá wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá máa fọwọ́ dá a padà, gírísì á kún èékánná mi.

"Bọ̀dá, ẹ tà á, kẹ́ ẹ fi ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!" Àwọn tó ń dúró de mọ́tò ló máa ń kígbe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé mi.

Ojú ń tì mí. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo àdúgbò àna mi ló ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́, òun ló ní òun lè tọ́ ọmọ!

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Dópémù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kò lè ṣe kó má ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe èyí fún yín?"

Mo ní èmi ni.

"Ó kúkú hàn."

Ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa gíà náà wálẹ̀ lára irin kẹ̀kẹ́. Kò tíì sún mọ́ eyín tí ìrù rẹ̀ fi lọ kọ́ irin kẹ̀kẹ́ tó lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ó tún gbìyànjú, ó mi orí. Ó ní kò lè bá a mu láé, ìrù rẹ̀ gùn jù. Èyí tó kúrú, tó sì tẹ̀ bá eyín kékeré mu, la máa wá. Ó ní kí n ṣe sùúrù títí irú rẹ̀ á fi bá ọjà tòkunbọ̀ wọlé. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, kò rí i. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo sì ń gbé ariwo mi lọ sí Ìgàndò.

Nígbà tó wá rí i, ó dè é, ó fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan sáàárín gíà àti eyín irin ńlá láti fi wọn àyè tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì yọ kọ́bọ̀ náà. Ó fọwọ́ yí pẹ́dà. Kò sí ariwo kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi sítáàṣì sí. Mo gun òkè náà wẹ́rẹ́, orúnkún ò dùn mí, ṣéènì ò sọ̀rọ̀. Mo dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń fọ abọ́ nínú ilé. Oòrùn ṣí kúrò lórí mi, ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni ò jáde.

Ó ti ṣẹlẹ̀, mo ní. Ọmọ mi ti gbàgbé mi, àbí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má jáde mọ́. Inú bí mi. Mo dìde, mo yí kẹ̀kẹ́ padà sọ́nà Ìkòtún. Mo ti gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dà kí n tó rántí yàrá mi, ògiri yẹn àti ìkòkò ìrẹsì. Bí mo bá lọ báyìí, ta ni mò ń lọ bá?

Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, mo wọ inú ọgbà, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì sítáàṣì mi.

"Ẹ kú ilé, mà."

Ìyá náà fò sókè. "Ìgbà wo lo dé?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Háà! A ò mà gbọ́ ẹ!"

Wọ́n fi ẹnu júwe yàrá ẹ̀gbẹ́. Fèrèsé onípákó kan wà níbẹ̀, wọ́n máa ń tì í nítorí eruku ọ̀nà. Ọmọ mi dúró lórí àpótí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún un, ó fi etí lé pákó. Ó yíjú, ó rí mi, kò sáré wá.

"Mò ń tẹ́tí, mi ò gbọ́ yín," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Mo gbé e. Ìyá ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń nu ọwọ́ wọn. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Á ti máa tẹ́tí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan, á ní, 'Dádì ti dé Ìkòtún.' "Irọ́ ni o, ta ló lè gbọ́ Ìkòtún láti ibí? Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà á gbé iṣu kaná."

Inú ilé ni mo ti jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì, mo fa gíà náà sókè, mo yí i sódì díẹ̀, mo sì dè é padà. Ọmọ mi fọwọ́ yí pẹ́dà. Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo gbé ariwo mi padà sí Ìdímù. Ṣéènì yọ ní Ìkòtún, mo bẹ̀rẹ̀, mo dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá náà ròyìn fún mi pé bí mo ṣe ń lọ, ọmọ padà sórí àpótí rẹ̀ nídìí fèrèsé. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ló wá sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní kò sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ló sùn lọ sí. Wọ́n ní àwọn bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹun, ó ní kí wọ́n má pariwo, òun ṣì ń gbọ́ mi.