Ìbéèrè Sààrì ní Ẹ̀pẹ́

Olóòtú wa ní Ìkòròdú gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ láyé tí kò ṣeé tò sí mẹ́wàá. Bí òjò bá rọ̀, ohun mẹ́wàá tó fa òjò ni yóò ní kí n kọ. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìlera, ó ní, "Lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì l'Ẹ̀pẹ́. Kọ oògùn mẹ́wàá tí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wá. Má jẹ̀ẹ́ kó gùn o."

Bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ọjà ẹja nìyẹn, nínú oṣù ààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ta ni, ló ń to oògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń nàka sí wọn fún mi. Parasitámọ́ọ̀lù rè é, tí ará ìlú ń jẹ bí ẹ̀pà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rè é, tí wọ́n ń pa tì lọ́jọ́ tí orí ò bá ti fọ́ wọn. Oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn rè é, tí wọ́n máa ń lò dé ìdajì kí wọ́n tó fi ìyókù ta aládùúgbò lọ́rẹ.

"Èwo ló le jù láti mọ̀?" ni mo bi í.

"Orúkọ wọn ò le. Ẹ̀yin oníròyìn gan-an lè há a sórí."

Kò tíì ṣàlàyé tí wọ́n fi gbé Alhaja Mulíkátù ẹlẹ́ja wọlé. Òógùn bò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀sà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ló sì fi ń pe Sìdíkátù ọmọ rẹ̀. Ìdajì ọjà tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti di dókítà lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni!"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ̀? Ayé ni!"

Sìdíkátù ní tirẹ̀ mú páálí oògùn ìtọ̀ ṣúgà dání. "Nọ́ọ̀sì, ṣúgà màmá mi ló lọ sókè. Oògùn wọn rè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé méjì mì kíá."

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Nọ́ọ̀sì gba páálí náà, ó jù ú sápò ara rẹ̀.

"Kí ni màmá jẹ ní sààrì?"

"Omi àti dàbínù díẹ̀. Oúnjẹ ìdájí kì í wù wọ́n."

"Oògùn ńkọ́?"

"Wọ́n lo ti àárọ̀ àti ti alẹ́ pa pọ̀, kó má baà dí wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ kírun àṣámù lálẹ́. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ààwẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gún Alhaja ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sára ẹ̀rọ kékeré kan. "Ṣúgà wọn ò lọ sókè. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn. Oògùn tí o fẹ́ fi kún un ni ì bá parí rẹ̀." Ó po gúlúkóòsì sínú ife. "Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì. Ẹ jẹ́ ká ṣe kíá kí wọ́n tó dákú."

Alhaja, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, mọ ààwẹ̀ rẹ̀. Ó di eyín pa. Sìdíkátù náà fi ọwọ́ bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ má ba ààwẹ̀ wọn jẹ́!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Oògùn méjì tí o mú wá ò ní ba ààwẹ̀ jẹ́, omi ṣúgà ló máa bà á jẹ́. Sìdíkátù, Ọlọ́hun tó ní ká gbààwẹ̀ ti yọ aláìsàn sílẹ̀. Ìwọ nìkan ni ò tíì yọ wọ́n."

Ọwọ́ náà wálẹ̀. Sìdíkátù fúnra rẹ̀ ló gba ife, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ títí tí ẹnu fi là. Alhaja mu ún tán, ó mu òmíràn. Nígbà tó yá, òógùn gbẹ, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo gbogbo wa yíká.

"Kí lẹ kóra jọ síbí fún? Ta ló wà nídìí ẹja mi?"

Kò sẹ́nikẹ́ni. Gbogbo dókítà sáré padà sọ́jà.

Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí Alhaja tẹ̀ lé wọn, nítorí oògùn tó lò ní sààrì kì í tètè kúrò lára. Ó lè tún fa ṣúgà wálẹ̀. Ó fún un ní oúnjẹ, ó sì ní kí dókítà gidi wá wò ó.

"Ẹ ti ba ààwẹ̀ mi jẹ́," ni Alhaja ń kùn.

"Ẹ ó san án padà, Alhaja. Ẹni tó bá wà láyé ló ń san ààwẹ̀."

Mo kọ ìròyìn náà. Olóòtú kà á, ó yí i wò lẹ́yìn. "Oògùn mẹ́sàn-án yòókù dà?"

Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yà sọ́jà Ẹ̀pẹ́ láti ra ẹja. Alhaja Mulíkátù dá mi mọ̀, ó na ẹja sí mi, ó tún fà á padà.

"Oníròyìn, oògùn wo lẹ lò ní sààrì? Gbogbo oníbàárà mi ni mo ń bi nísinsìnyí."

"Alhaja, Kìrìsìtẹ́nì ni mí."

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bi yín ni? Ẹ dáhùn kí n tó di ẹja fún yín."