Omi Bátìrì Nílé Issifou

Gbogbo ẹni tó mọ Issifou ní Bantè ló mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í jókòó. Kì í ṣe pé kò ní àga. Àga onígi wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí títì tó ti Savalou wá, àwọn oníbàárà ló sì ń jókòó lé e. Òun á lọ wo gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé, á padà wá fọwọ́ kan orí bátìrì bóyá ó ti gbóná, á gbé ohun tó wà lọ́tùn-ún sí òsì, á tún gbé e padà. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kì í wojú onítọ̀hún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa wò. Sòbìà ló ń wá níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí ó máa fi iná sí bátìrì. Láyé ìgbà yẹn, ilé tó níná kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, bátìrì mọ́tò ni yóò fi gbé e. Bí bátìrì bá kú, wọn á dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù, wọn á gbé e láti Akpassi, láti Agoua, wá bá Issifou. Savalou ni òun ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Yessoufou, tó máa ń fi èdè Màhì bú ọmọṣẹ́, tó sì máa ń fi Yorùbá yìn wọ́n. Màhì ni Issifou gbọ́ jù nígbà tó kúrò níbẹ̀.

Kí ó tó parí iṣẹ́ kíkọ́ ni sòbìà mú un. Ó lọ bá baba rẹ̀ lóko ní Agoua nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó bu omi kòtò mu, ó gbàgbé. Nígbà tí ọdún yí po, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ta á bí ìgbà tí iná jó èèyàn, kòkòrò funfun bí òwú sì yọrí lókè ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wé e jáde díẹ̀díẹ̀, àfi bó ṣe já sínú. Ẹsẹ̀ náà degbò, egbò náà rùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí iṣẹ́, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun wà lórí ẹní, ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n, ìyá rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ìtìjú yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Ti Issifou ti degbò kí ẹnikẹ́ni tó ké sí nǹkan kan.

Nígbà tí Awaou ìyàwó rẹ̀ bí Latifatou, ohun tí Issifou kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ lára ọmọ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Sòbìà kò ní yọ lẹ́sẹ̀ yìí láéláé." Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún láyé kò ju ìyẹn lọ, ọmọ náà sì ni ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kiri ìlú àti oko nígbà náà, wọ́n ń pín aṣọ asẹ́ funfun fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa fi sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Pọ́ǹpù àdúgbò ti bàjẹ́, odò ni wọ́n ti ń pọnmi. Awaou gba aṣọ tirẹ̀, ó dè é mọ́ ẹnu àmù, kì í sì í gbàgbé láti sẹ́ omi. Awaou ń sẹ́ omi, Issifou ń wo ihò aṣọ. Ó ní ihò tí omi lè gbà kọjá, ọmọ sòbìà kò ní ṣe aláìgbà á. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní agbo ilé wọn, bí ọmọdé bá ti gbé igbá sẹ́nu, a máa gbọ́ ohùn Issifou láti ṣọ́ọ̀bù: "Má mu ún! Má mu ún!" Títí ó fi di orin tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.

Ọjọ́ kan ló lọ ra ọjà iṣẹ́ ní Savalou, ẹni tó ń ta omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì fún un ń ṣàlàyé ìdí tí omi kànga fi ń ba bátìrì jẹ́. Ó ní wọ́n ti se omi tòun títí ó fi di ooru tó ń rú sókè, wọ́n sì ti gba ooru náà padà di omi, kò wá sí ohunkóhun mọ́ nínú rẹ̀. "Òfo ni. Kò sí iyọ̀, kò sí erùpẹ̀, kò sí kòkòrò."

Issifou dúró gbọnin. Bí ẹni tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri ilé ló rí.

Láti ọjọ́ náà, kò mu omi mìíràn mọ́. Odisitilé ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é, lẹ́nu àwa tó kù, omi bátìrì ni. Asíìdì tí wọ́n ń dà sínú bátìrì tuntun ńkọ́? Omi bátìrì náà ni à ń pè é. Orúkọ kan fún nǹkan méjì tí kò bára tan. Issifou kò rí aburú níbẹ̀, nítorí òun mọ̀ wọ́n: bídọ̀n odisitilé, kẹ́ẹ̀gì oníke kan, ń bẹ lọ́wọ́ òsì ilẹ̀kùn, ti asíìdì ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bídọ̀n funfun ni méjèèjì, àwọ̀ omi ló sì wà nínú méjèèjì.

"Baba Latifatou," Awaou bi í léèrè, "ṣé ẹ ti di mọ́tò ni?"

"Ìyá Latifatou, mọ́tò kì í ní sòbìà."

Omi ò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, àmọ́ Issifou bá omi odò ṣọ̀tá dé inú ìkòkò. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi omi àmù sè, kò jẹ ẹ́ mọ́, bó tilẹ̀ hó tí ìdérí ń jó lórí rẹ̀. Iṣu sísun ló ń jẹ, tàbí gààrí tó fi omi bátìrì rẹ. Ó fẹ́ kí Latifatou náà máa mu ún. Awaou fárígá, ó ní ọmọ òun kì í ṣe bátìrì. Nígbà tí ọmọ náà ń yọ baba rẹ̀ lẹ́nu pé kó fún òun mu, Issifou fọ̀rọ̀ sí i létí pé ọjọ́ tó bá gbààwẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, òun yóò fi omi bátìrì ṣínu fún un. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí ààwẹ̀ bí ẹni retí ọdún.

Ààwẹ̀ ọdún 1995 bọ́ sí àárín ọ̀gbẹlẹ̀. Ooru mú, eruku pupa bo ewé kajú, gúrúpù sì ń fẹ́ ooru tirẹ̀ sí Issifou lára láti àárọ̀. Á làágùn títí iyọ̀ yóò fi gbẹ sí i lẹ́yìn aṣọ. Bí oòrùn bá wọ̀, á gbé omi bátìrì dà sọ́fun, ife lórí ife. Kò pẹ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí pajápajá sì ń mú un lẹ́sẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á fà, á ki, á le bí òkúta. Ìdààmú wá dé. Ṣé kì í ṣe pé sòbìà ti wà lára òun kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bátìrì? Kò lè sùn. Á tan iná, á máa tẹ ẹsẹ̀ kiri, á tún mu ife kan sí i kí ó lè ṣan ohun tó wà níbẹ̀ jáde.

Ó gba ọ̀dọ̀ Lazare lọ, nọ́ọ̀sì tí gbogbo ìlú ń pè ní dókítà. Lazare tẹ ẹsẹ̀ náà, kò rí sòbìà.

"Kí ni ẹ ń mu?"

"Omi bátìrì."

Lazare ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde. "Kí lẹ wí?"

"Odisitilé ni, dókítà, kì í ṣe asíìdì. Ṣé mo ya wèrè ni?"

Lazare jókòó padà, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbọ́, omi yẹn kì í ṣe májèlé. Kò ní sòbìà nínú, òótọ́ ni. Ẹni tó ń jẹun dáadáa lè mu ún kó má ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ̀yin ń làágùn, iyọ̀ ara yín ń bá òógùn lọ. Ẹ kò jẹ ọbẹ̀, iyọ̀ kò wọlé. Ẹ wá ń bu omi òfo lé ara tí iyọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní omi kànga ni ẹ ń mu báyìí láìjẹ iyọ̀, kò ní dáa, ká má tíì sọ ti omi tí kò ní kíní kan nínú. Ìyẹn ló ń fa ẹsẹ̀ yín. Àti bídọ̀n yẹn, ta ló ṣe é fún ẹnu èèyàn? Ìdọ̀tí òjé bátìrì kún ọwọ́ tí ẹ fi ń bu omi níbẹ̀. Ẹ jẹ ọbẹ̀. Ẹ mu omi tí ìyàwó yín sẹ́."

Issifou dúpẹ́, ó lọ. Nínú gbogbo ohun tí Lazare wí, "kò ní sòbìà nínú" nìkan ló bá a délé. Àṣejù baba àṣetẹ́, àmọ́ ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tó ń ṣe é.

Ọjọ́ tí Latifatou gbààwẹ̀ tirẹ̀ pé, oníbàárà kan gbé bátìrì tuntun wá láti Tchetti lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Issifou gbé bídọ̀n asíìdì, ó rọ ọ́ sínú bátìrì náà. Bó ṣe ń gbé bídọ̀n padà ni pajápajá mú un. Ó pariwo, ó sọ bídọ̀n kalẹ̀ níbi tó bá a, lọ́wọ́ òsì ilẹ̀kùn, lẹ́bàá ìkejì rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tiro wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Oòrùn ti ń wọ̀. Awaou ń dín àkàrà lẹ́yìn ilé.

Latifatou wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń dán. "Baba, mo ti ṣe é. N ò mu, n ò jẹ."

Inú Issifou dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Olóòótọ́ ọmọ. Lọ bu omi bátìrì wá. Bu tèmi, bu tìẹ."

Ọmọ náà lọ. Ó padà pẹ̀lú ife lọ́wọ́ ọ̀tún, ife lọ́wọ́ òsì, wọ́n kún dé ẹnu, ó ń rọra rìn kí wọ́n má baà dànù. Ó gbé ti baba rẹ̀ kalẹ̀. Díẹ̀ ta sórí sìmẹ́ńtì. Latifatou jókòó ti ògiri, ó gbé ife tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ó ń dúró de ladani.

Issifou na ọwọ́ sí ife. Ó rí sìmẹ́ńtì tó ń hó. Ìfófò funfun kékeré, ó ń pariwo ṣìì lábẹ́ ife náà.

Ní mọ́ṣáláṣí, ladani gbóhùn sókè.

"Má mu ún!"

Latifatou rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà tó ti ń rákò ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, nípa omi àmù, omi kànga, omi ilé ẹlòmíràn, kò sì gbọ́ ọ nípa omi inú bídọ̀n rí. Ó ní, "Tiwa ni, Baba. Omi bátìrì ni." Ó sì gbé ife sókè.

Issifou fẹ́ fò, ẹsẹ̀ kọ̀. Iṣan ki, ó so ó mọ́lẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́, ó na ọwọ́, etí aṣọ ọmọ náà ló bà, ó fi gbogbo agbára fà á. Ife dà sí ọmọ náà létè, ó ṣàn bá àgbọ̀n dé àyà. Ọmọ náà figbe ta, igbe tí Awaou fi ju àkàrà sílẹ̀ nínú epo.

Awaou gbé ọmọ lọ sídìí àmù, ó fi igbá bu omi, ó ń dà á sí i lẹ́nu, sí i láyà, ó ń sọ pé, "Tutọ́, má gbé e mì, tutọ́," igbá lórí igbá, omi odò tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́, títí ó fi ń gbọ́ ìró igbá nísàlẹ̀ àmù. Issifou ń rákò bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lazare ní omi yẹn ló gbà á là. Ọmọ náà kò gbé e mì. Ètè ìsàlẹ̀ bó, àgbọ̀n bó, àpá yóò wà láyà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Kò bú Issifou. Ó kàn wò ó, ó sì ń di ojú egbò ọmọ náà lọ. Ìbá kúkú bú u.

Wọ́n jẹ ọbẹ̀ nílé náà láti ọjọ́ yẹn, Issifou náà jẹ ẹ́. Kó tó di pé ààwẹ̀ parí, pajápajá ti fi í sílẹ̀. Ó gbé bídọ̀n asíìdì lọ sínú yàrá tó ní àgádágodo, ó fi ọ̀dà pupa kun ún láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dárúkọ omi bátìrì, á bi í, "Èwo nínú wọn?" ohùn rẹ̀ á sì le.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ètè Latifatou ti san débi tó lè mu nǹkan láìlo ṣíbí kékeré, òùngbẹ gbẹ ẹ́. Issifou fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ sídìí àmù, ó bu omi tí ìyàwó rẹ̀ ti sẹ́, ó kọ́kọ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò, ó sì mú un wá fún ọmọ rẹ̀.

"Gbà, mu."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Baba." Ó wo inú ife náà. Ó wo baba rẹ̀. Ó wá dìde, ó gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rọra rìn kí ó má baà dànù, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé omi ni?"

Awaou gbà á, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé e padà fún un. Ìgbà náà ni Latifatou tó mu. Issifou ṣì dúró níbi tó ti gbé ife fún un, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.