Bàtà Ẹsẹ̀ Ère Náà

Ẹsẹ̀ ni Onísítọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù tí wọ́n ń kun ère sójà bíi tirẹ̀, ojú ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú, torí pé bí ojú bá ti bàjẹ́, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ó rí ère tó ti ní ẹyinjú àti irùngbọ̀n, tó tẹjú mọ́ yín bí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, síbẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì funfun báláú. Ti Onísítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bàtà ló ń kọ́kọ́ kùn, láti ojú okùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́ bí ère bá ti dúró lórí pátákó. Bí ẹnì kan bá bi í pé kí ló dé, á ní òun kò tíì rí ẹni tó ń fi ojú dúró.

Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣọ́ sítọ̀ fún àwọn ológun, níbi tí wọ́n ń kó bàtà àti ìgbànú sí kí wọ́n tó pín wọn. Kò yìnbọn rí. Bàtà ló mọ̀. Ó lè dijú, kó fọwọ́ pa gìgísẹ̀ bàtà kan, kó sọ ọdún tí wọ́n kó o dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ ń yún un, tí kò sì rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, ẹnì kan fún un ní ère sójà kan tí wọ́n fi ike líle ṣe, tó ga tó rúlà ọmọ iléèwé, pé kó máa fi pa ìrònú rẹ́. Eré di iṣẹ́. Ó gba yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kúrò nínú rẹ̀, ó gbé tábìlì sábẹ́ fèrèsé, ó to ìgò ọ̀dà kéékèèké bí ogójì sí i, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun orí rẹ̀ kò pé mẹ́wàá, igi ìtayín, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún, àti awò kan tó ń so mọ́ orí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe ń tẹríba sórí tábìlì yẹn, ó jọ ẹni tó fẹ́ yọ eyín eṣinṣin.

Tó bá parí ère kan, á yí ìdí pátákó rẹ̀ sókè, á mú gègé dúdú, á buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lù kan náà tó ń lò ní sítọ̀ ni: lẹ́tà ńlá kan tó ká kò bí ìwo àgbò, àti ìlà kan lábẹ́ rẹ̀. Á ní ohun tí òun bá ti buwọ́ lù, òun ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ń fi ìbuwọ́lù yẹn ṣe fọ́ńté.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá Tísà wọlé, tí ẹfun ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sójà ni, ó ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Pósí tí wọ́n gbé e wá sílé nínú rẹ̀, wọ́n ti kàn án pa, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣí i. Òun náà kò ṣí i. Ó ní ohun tó ń dun òun jù lọ nìyẹn, pé òun gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Ó gbé fọ́tò ọmọ náà lé orí tábìlì, láti àyà dé orí. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà, tí wọ́n jọ jẹ́ sójà, ló yà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà kú.

“Fọ́tò ti sú mi,” ló wí. “Fọ́tò ò ní ẹ̀yìn. Mo fẹ́ nǹkan tí mo lè yí po. Ẹ ṣe é bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má bá mi ṣe é lẹ́wà.”

Onísítọ̀ ní kò sí wàhálà. Ó rò pé ó parí síbẹ̀, àmọ́ ìyá kò tíì fẹ́ lọ. Ó dúró, ó ń fi ọwọ́ gbo ọwọ́ kí ẹfun lè kúrò, ló bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà nígbà tí àwọn ọ̀tá yọ sí wọn. Mẹ́wàá sá, mẹ́wàá sì yè. Ọmọ tirẹ̀ nìkan ló kù sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ló ń gba ipò kìíní nínú eré sísá láti kékeré, ife ẹ̀yẹ rẹ̀ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú ìwé tí àwọn ológun kọ sí i, wọ́n ní akọni ni, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí àwọn yòókù lè ráyè sá lọ. Gbogbo èèyàn ń kí i kú oríire ọmọ akin. Òun kò rí oríire kankan níbẹ̀.

“Ó mọ̀ pé òun nìkan ni mo ní,” ló wí. “Ó mọ̀, ó sì dúró fún àwọn ẹlòmíì. Bàbá, inú ń bí mi sí òkú. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?”

Onísítọ̀ fa fọ́tò náà sọ́dọ̀. Ó ní òun á ṣe é dáadáa.

Nígbà tó ku bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ó wá rí i pé fọ́tò náà kò ní ẹsẹ̀. Ó gba nọ́ńbà ọ̀rẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá, ó pè é, ó ní kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lódidi. Ọ̀rẹ́ náà ń lọ́ tìkọ̀, ó ní ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó ni. Onísítọ̀ ní bàtà ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, fọ́tò náà wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó sì fẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ fi gba gbogbo ojú fóònù.

Bàtà ọ̀tún ti la ẹnu. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti já láti iwájú títí dé àárín, wọ́n wá fi wáyà iná dè é mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìyẹn ni Onísítọ̀ tẹjú mọ́. Ìlà pupa rúsúrúsú kan wà yí gìgísẹ̀ ká. Bàtà kan ṣoṣo ló mọ̀ tó nírú ìlà yẹn, ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì kó o dé.

Ó rántí ọjọ́ náà bí ẹni rántí àná. Oòrùn ń mú ganrín-ganrín, wọ́n to páálí bàtà kan àjà, ọ̀gá rẹ̀ sì ń wo aago. Ó yẹ kó ṣí páálí kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Èyí tó wà lókè pátápátá ló ṣí. Ó mú ẹyọ bàtà kan, ó tẹ̀ ẹ́ kò, ó nà padà. Ó gbóòórùn gọ́ọ̀mù, ó sì rí i pé wọn kò rán àtẹ́lẹsẹ̀ náà rárá, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ ni. Ó rí i. Ó buwọ́ lù ú, ó lọ jẹun.

Ó tún pe ọ̀rẹ́ náà. Ó bi í bóyá èèyàn lè fi bàtà yẹn sáré. Ohùn ọ̀rẹ́ náà wálẹ̀.

“A jọ bẹ̀rẹ̀ eré náà ni, bàbá. Òun ló ṣáájú. Ìgbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, wáyà yẹn ti tú, àtẹ́lẹsẹ̀ ti ká sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti ṣubú. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń so ó. Àwọn ọ̀gá ní ká má sọ fún màmá ẹ̀.”

Ó ń so ó. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yẹn fi ń dún létí Onísítọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ dá a láre nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó kun bàtà náà dúdú. Ó kùn ún mọ́lẹ̀ dáadáa, ó fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán, kò sí ẹrẹ̀, kò sí eruku, kò sí wáyà, gìgísẹ̀ kò sì ní ìlà kankan. Ó wá gòkè lọ sí ṣòkòtò, ìgbànú, akoto, ó sì kun ojú ọmọ náà débi pé bí wọ́n bá pè é lórúkọ, ó lè dáhùn. Ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé ìwé àwọn ológun ti sọ ọ́ di akọni, ta ni òun tí òun fẹ́ gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún un, ó rí ère náà, ó dúró.

“Bàtà ta nìyí?” ló bi í. “Ẹ ò kun bàtà tó mọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín.”

Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, àwàdà náà kò jáde. Ló bá ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan páálí òkè. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò bú u, kò sì pẹ̀tù sí i.

“Ṣé ẹ ti buwọ́ lù ú?”

Ó ní òun ò tíì buwọ́ lù ú. Ìyàwó rẹ̀ ní ó dáa, ó gbé ife omi kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó fọ ọ̀dà bàtà náà kúrò. Ó fi abẹ ya àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tú rédíò kan tó ti kú, ó fa wáyà tó fẹ́lẹ́ bí irun jáde nínú rẹ̀, ó fi ẹ̀mú wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó da ẹrẹ̀ sí i, ó fa ìlà pupa rúsúrúsú yí gìgísẹ̀ ká. Ìlà náà wọ́ níbì kan. Kò tún un ṣe.

Ọ̀sán Sátidé ni Màmá Tísà wá gbà á. Ó yí tábìlì náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ṣe sọ pé òun fẹ́ ṣe. Ó rí àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àtẹ̀gùn iléèwé ló ti já bọ́, ọjọ́ yẹn ló ya ìpáǹle ju gbogbo ìyókù lọ. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tí ojú rẹ̀ wá ṣe déédéé ẹsẹ̀ ère náà.

“Kí ló ṣe bàtà ẹ̀?”

Onísítọ̀ sọ ọ́ fún un. Ó sọ nípa wáyà tó tú, àti pé ọmọ náà ló ṣáájú gbogbo wọn nínú eré náà, àti pé ó jókòó sílẹ̀, ó ń so ó. Màmá Tísà di etí tábìlì mú. Ẹkún tó gbé mì láti oṣù mẹ́jọ bú jáde, kò dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́.

“Ó ń bọ̀ wálé,” ló ń wí. “Kò fi mí sílẹ̀. Ó ń bọ̀ wálé.”

Ká ní ó gbé ère rẹ̀ nígbà náà, kó lọ, ì bá dára fún Onísítọ̀. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún wo bàtà náà.

“Irú bàtà yìí, ẹnì kan á ti gbà á wọlé kí wọ́n tó pín in fún wọn. Ta ni?”

Ó lè sọ pé ìjọba ni. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀.

“Èmi ni, mà,” ló wí. “Mi ò yẹ̀ wọ́n wò bó ṣe yẹ. Páálí kan péré ni mo ṣí, mo rí i pé wọn ò rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú.”

Màmá Tísà kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó gbé ère náà, ó yí ìdí pátákó rẹ̀ sókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Wọ́n ní ẹ máa ń buwọ́ lu iṣẹ́ yín.”

Onísítọ̀ kólòlò. Ó ní òun rò pé ti èyí, ó yẹ kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ buwọ́ lù ú,” ni ìyá wí. “Bí ẹ ṣe buwọ́ lu ti bàtà yẹn gẹ́lẹ́.”

Ó mú gègé dúdú náà. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di ère náà mú fún un kó má yẹ̀, ó sì kọ ọ́, lẹ́tà tó ká kò àti ìlà abẹ́ rẹ̀. Màmá Tísà fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹni tó ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé, ó dúró títí tó fi gbẹ, ó fi táwẹ̀lì wé ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ sílé.