Wọ́n Sin Màmá, Wọn Ò Sọ fún Ọmọ Màmá

Ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ló wà nígbà tó gbọ́ pé ìyá òun ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ló sọ fún un, àbúrò rẹ̀ kọ́. Obìnrin agbáṣọ tó ń kó aṣọ ibùsùn wá láti wọ́ọ̀dù ló gbé agbọ̀n sílẹ̀, tó dì mọ́ ọn gbágbá, tó ní, "Àǹtí Káṣọ, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ó rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí, ó tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkan lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá bèèrè pé, "Ta ló kú?"

Ẹ̀rọ ń pariwo. Ojú tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé sílẹ̀ ló dá a lóhùn.

Àǹtí Káṣọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé kíká aṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn àdúgbò wọn. Nílé, Ọmọ Màmá lorúkọ rẹ̀, orúkọ ìkókó tí wọn ò gbà kúrò lára rẹ̀ títí irun funfun fi yọ lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i ló ti yàtọ̀. Ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rìn, ọ̀rọ̀ sì ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Á wá ọ̀rọ̀ náà, á rí i, á yí i síwá sẹ́yìn kó tó gbé e jáde. Bó bá ti jáde, ó pé, kò lábùkù. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró dè é? Kò ní tíì la ẹnu tán tí wọ́n á ti bá a parí ọ̀rọ̀, wọ́n á parí rẹ̀ sódì, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un lọ sílé ìwé, ọ̀gá ibẹ̀ wò ó tòkètilẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù tó ti bàjẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ máa mú un lọ sílé. Àyè ò sí fún irú èyí níbí." Irú èyí! Ọmọ èèyàn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá mú un lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tì í mọ́ yàrá. Ó kọ́ ọ ní iná dídá, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ. Ìyá yìí kan náà ló lọ bá wọn ní ilé ìfọṣọ, tó ní kí wọ́n dán an wò ná kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Wọ́n dán an wò. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tó gbà á síṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, òun ṣì wà níbẹ̀.

Níbi iṣẹ́, "ẹ" ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nílé ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n, "ìwọ" ló ń pè é. Ọmọ àbúrò náà tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀, òun náà "ìwọ" ló ń pè é, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Nígbà tí ìyá bẹ̀rẹ̀ àìsàn, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin gbé e lọ sí ilé tirẹ̀ ní ìlú kejì, ó ní ó lọ sinmi. Ọmọ Màmá nìkan ló kù sílé tí òun àti ìyá jọ ń gbé. Bí Ọmọ Màmá bá ti tibi iṣẹ́ dé, á pè lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Màmá ń wẹ̀," tàbí, "Màmá ń sùn." Nígbà tó yá, àbúrò ló ń gbé fóònù náà: "Àní Màmá ń sùn! O ò gbọ́ ni?"

Ikú ni wọ́n ń pè ní oorun. Ìyá ti wọlẹ̀, wọ́n ti dá àga tí wọ́n yá padà, àwọn aládùúgbò tó wọkọ̀ lọ síbi ìsìnkú ti padà dé. Wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń kí i, "Ṣé dáadáa lo wà?", ẹnu wọn dì pinpin bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ti kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má sọ. Odidi àdúgbò! Àwọn àgbà tó ń báni parí ìjà, gbogbo wọn gbà. Agbáṣọ kò mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ di àṣírí ni tirẹ̀. Ó gbọ́ pé ìyá ọ̀rẹ́ òun kú, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe.

Ìyá Ìfọṣọ, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ló sìn ín délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ Màmá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé Màmá kú?"

Ẹ̀gbọ́n ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Àfi bí ẹni pé ẹni tó sọ òótọ́ ló jalè.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dé. Wọn ò dá wá. Wọ́n mú obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan lọ́wọ́, ọ̀kan lára àwọn tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ará ìlú. Ìyá Ìfọṣọ náà wà níbẹ̀, Ọmọ Màmá ló ní kó wá. Ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká apá lé àyà.

Ẹ̀gbọ́n ní, "A ò fẹ́ kó o sunkún ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè yé ẹ."

Ọmọ Màmá wá ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rí i. "Bàbá kú. Ó yé mi. Mo sunkún, mo sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe."

Ẹ̀gbọ́n wú ikọ́, ó fo ìyẹn. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀, géètì rẹ̀ ga, ewu kankan ò sí. Òun ti bá ayálégbé tó fẹ́ kó wọ ilé yìí sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣí bírò rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ṣé ó lè wẹ̀ fúnra rẹ̀? Ṣé ó máa ń sọ nù tó bá jáde?" Àárín àwọn méjèèjì ni Ọmọ Màmá jókòó sí. Orí rẹ̀ ni ìbéèrè ń gbà kọjá, orí rẹ̀ kan náà ni ìdáhùn ń gbà padà, bí ẹni pé àga ni.

Ìyá Ìfọṣọ ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó la ẹnu. Ọmọ Màmá gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Ẹ dúró. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

Ó kọjú sí obìnrin ìjọba. "Èmi lẹ wá wò. Èmi... èmi ni kẹ́ ẹ..."

Ẹ̀gbọ́n já a gbà. "Ohun tó ń gbìyànjú láti sọ ni pé ẹ̀rù ń bà á."

"Irọ́ ni!" Ohùn rẹ̀ le débi pé àbúrò ta gìrì. "Ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Mo ń wẹ̀. Mo mọ̀nà. Mo níṣẹ́, mo nílé. Ẹ sin Màmá, ẹ ò bi mí. Ẹ ò ní gbé èmi náà lọ láìbi mí."

Ojú ti obìnrin ìjọba. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó yí àga rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dúró gba ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Nígbà tó parí, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Alàgbà, àgbàlagbà ni wọ́n. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú àgbàlagbà kúrò nílé rẹ̀ bí kò bá fẹ́."

Àbúrò ń sunkún. "Tó bá ṣubú ńkọ́? Tí kò bá sẹ́nìkan nílé?"

Ìyá Ìfọṣọ ní, "Ìwọ náà lè ṣubú, àbúrò. Ṣé ká torí ẹ̀ lọ tì ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn géètì?"

Ọmọ Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọ bàtà. "Ẹ gbé mi lọ síbi tẹ́ ẹ sin Màmá sí."

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ. Ilẹ̀ sàréè ṣì pupa, òdòdó tí wọ́n tẹ́ lé e ti rọ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ní kí wọ́n lọ dúró lẹ́bàá ọkọ̀, òun fẹ́ bá màmá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró nínú oòrùn títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n kàn rí i tó ń jùwọ́, bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá aládùúgbò kan tún kí i lẹ́nu ọ̀nà, "Ṣé dáadáa lo wà?" Ọmọ Màmá dúró. Ó ní, "Ẹ lọ sin Màmá mi. Ẹ ò sọ fún mi." Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpò.

Agbáṣọ ló ń bá a gbélé báyìí, ó wà ní yàrá kejì. Àbúrò ti ń wá, ó ti ń gbìyànjú "ẹ̀yin", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń há a lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n kì í wá, fóònù ló ń pè. Nígbà tó pè gbẹ̀yìn, ó ní ṣé inú rẹ̀ ò tíì rọ̀ ni, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá.

Ọmọ Màmá di fóònù mú, ó ń wá ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró dè é ní òdìkejì, kò já a gbà.

"Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. "Ẹ pè mí lọ́jọ́ mìíràn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ wọkọ̀, nítorí iṣẹ́ àárọ̀ ló ní.