Eré Ọkọ̀ Tí Ìyàwó Mi Fi Sílẹ̀

Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ìtàn eré ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí táyà ọkọ̀ máa ń wà ní gbangba láìsí ìbòrí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe. Ẹnu bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ló ti gbọ́ ọ. Èmi ti dàgbà kí n tó lọ sílé ìwé, nítorí náà mo mọ bí a ṣe ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó ní iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà láyé àtijọ́. Nígbà tí àwọn kan láti òkè òkun gbé ti inú ọkọ̀ kéékèèké tiwọn sẹ́yìn, àwọn àgbà awakọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín, títí ọkọ̀ kéékèèké náà fi ń fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni eré jà, wọ́n pín in sí méjì. Òǹwòran bá tiwọn lọ. Wọ́n padà parí ìjà, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó lọ kọ́ ló padà.

Ó kú nígbà òtútù tó kọjá. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, kò wọ ilé wa ní àdúgbò Martindale mọ́. Ìlú Chestermere ló ń gbé, kò jìnnà sí wa. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Ẹ̀rù bà mí pé mo máa pàdánù òun náà.

Ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ Sunday tí eré tó tóbi jù máa ń wáyé, mo pè é kó wá bá mi wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun ò ní lè wá. Ṣùgbọ́n ó wá, ó sì wọlé. Etí àga ló jókòó sí.

Eré ò tíì jìnnà tí ọkọ̀ kan fi kọ lu ògiri. Wọ́n na àsíá yẹ́lò sókè, gbogbo ọkọ̀ dẹwọ́. Ọmọ mi bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́,” ni mo wí.

Bí ìyàwó mi ṣe ń pe àsíá náà nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má kọjá ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kí kálukú máa rọra lọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú ọmọ náà.

“Daddy, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹ̀yin nìkan ni gbogbo èèyàn ń kí pé pẹ̀lẹ́,” ló wí. “Èmi, wọ́n á ní kí n tọ́jú yín.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé àsíá ni mò ń sọ. N kò ṣàlàyé. Mo tún “pẹ̀lẹ́” náà wí, òun gan-an ni mo sì ń wí i fún báyìí.

Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. A ò wò ó. Ó béèrè bóyá aṣọ ìyá òun ṣì wà lókè. Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, kí n lè máa gbọ́ ìrìn rẹ̀ nínú ilé.